Olùkọ́ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gba ẹ̀gbẹ́ pápá ilé-ìwé wa ní Ìgándò kọjá ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ó ṣeé ṣe kí ó ti rí ohun kan tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Yóò ti rí olùkọ́ Yorùbá, ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó fi aṣọ ìnura há abíyá méjèèjì, tí ó ń fi ọ̀pá irin lu ògbólógbòó táyà ọkọ̀ kan bí ẹni pé táyà náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyá kan tí ó ru ẹrù lọ sí ọjà Ìkòtún dúró wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó mi orí, ó ní, "Tíṣà, ṣé kò sí o?" Mo dá a lóhùn pé kò sí, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Kì í ṣe pé orí mi dàrú. Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́, ẹ̀kọ́ náà sì yí ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ ẹlòmíràn padà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè Alímòṣọ́. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àwọn ọmọdé mọ̀, ayò àti díráfù ni àwọn àgbà mọ̀. Bí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ rí pápá gọ́ọ̀fù, ọkọ̀ ni yóò wọ̀ gba Ìyánà Ìpájà lọ sí ìhà Ìkẹjà. Òfin eré náà rọrùn láti sọ. Bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó gíráàmù 46, ni a ó máa fi ọ̀pá gbá títí yóò fi wọ inú ihò kan tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 108. Ihò 18 ni ó wà nínú pápá tí ó pé, ọ̀pá tí òṣèré kan lè kó dání kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹni tí ó bá fi ìgbá tí ó kéré jù lọ parí gbogbo ihò náà ni ó borí. Kò sí ẹni tí yóò lé ọ, kò sí ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ. Bọ́ọ̀lù náà dúró lójú kan, ó ń wò ọ́, ìwọ náà sì ń wò ó. Ẹni tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ wò ni yóò sọ pé ó rọrùn.

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ṣùgbọ́n tí ó ti fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tipẹ́, ra ọ̀pá tuntun, ó sì fi mẹ́ta nínú àwọn ti àtijọ́ ta mí lọ́rẹ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó mú mi lọ sí pápá. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹni tí ó ti roko nígbà èwe rẹ̀, tí apá rẹ̀ sì le, kò ní pẹ́ fi ẹ̀yìn àwọn aláṣọ funfun wọ̀nyí balẹ̀. Mo gbé ọ̀pá sókè, mo di eyín, mo fi gbogbo agbára mi fì í wálẹ̀. Ilẹ̀ ni mo bá. Erùpẹ̀ fò, ó bọ́ sí mi lójú. Nígbà tí mo nu ojú tán, bọ́ọ̀lù náà ṣì wà níbi tí mo gbé e sí.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ṣe burú ju ẹ̀rín lọ: gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ má gbé orí sókè!" "Ẹ na apá òsì!" "Ẹ dẹ èjìká!" "Ẹ yí ìbàdí!" "Ẹ má yára!" Mo gbìyànjú láti gba ìmọ̀ràn gbogbo wọn. Bí mo bá rántí apá, mo gbàgbé orí. Bí mo bá rántí orí, ìbàdí mi á gan bí igi. Nígbà tí mo tàsé bọ́ọ̀lù náà ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọ̀kan nínú wọn gbé ohùn sókè, ó ní, "Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni?"

Mo gbọ́. Ara mi ni kò gbọ́. Òógùn bò mí, ojú tì mí, ó sì wù mí kí ilẹ̀ lanu kí n wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nípa ohun tí ó fà á. Láti ìgbà tí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti òkè títí yóò fi kan bọ́ọ̀lù, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kì í sì í fara kan ara wọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú 2,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé láti inú ṣíṣẹ́ ojú ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà "ìṣẹ́jú". Ta ni ó lè ronú sí ìmọ̀ràn márùn-ún nínú àkókò tí ojú kò tíì ṣẹ́ tán? Ohun tí ara kò bá ti mọ̀ kí ọ̀pá tó gbéra, ariwo kò lè fi kọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Nínú àwọn kádì, ìyẹn àwọn tí ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn òṣèré, bàbá kan wà níbẹ̀ tí kò sọ ohunkóhun. Ẹ má fojú kékeré wo àwọn kádì o, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun ní orílẹ̀-èdè wa, ìdí àpò gbígbé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù lọ mu omi, bàbá náà sún mọ́ mi.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní olùkọ́ tí kì í sọ̀rọ̀."

"Bàbá, olùkọ́ wo nìyẹn?"

Kò dá mi lóhùn. Ó mú bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀, ó fi sí àpò rẹ̀. Ó bu iyanrìn funfun lọ́wọ́, ó sì fi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí koríko. Ó ní kí n dúró kí ìlà náà bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, kí n máa fì ọ̀pá, kí n sì máa wo ibi tí ọ̀pá bá ti họ ilẹ̀. Bí ó bá họ ilẹ̀ lórí ìlà, tàbí níwájú rẹ̀ díẹ̀ ní apá ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ó dára. Bí ó bá họ ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kò dára. Ẹ̀kọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà mẹ́wàá ni mo fì í. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ọ̀pá họ ẹ̀yìn ìlà. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Ìlà náà ni ó fi àṣìṣe mi hàn mí, kò sì fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo rí i fúnra mi pé orí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo ń fara tì sí, bí ẹni tí ó fẹ́ sá fún bọ́ọ̀lù. Nígbà tí mo fi tún un fì ní ogún ìgbà sí i, ojú ibi tí ọ̀pá ń họ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún síwájú, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ ohun tí mo yí padà ní pàtó. Ara ti gbọ́ ohun tí etí kò lè bá a gbọ́.

Bàbá náà tún gba áńkáṣíìfù mi. Ó so òkúta kékeré kan mọ́ igun rẹ̀, ó ní kí n di igun kejì mú, kí n máa fì í lọ fì í bọ̀. Nígbà tí mo bá rọra fì í, aṣọ náà nà tọ́ọ́rọ́, òkúta sì ń lọ geerege. Bí mo bá fipá jà á gbà, aṣọ á ká, òkúta á sì ṣìnà. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ Ernest Jones, ẹni tí ó ti ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1916, lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé, ó pàdánù ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí ó padà dé, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rí i pé òun ṣì ń gbá a dáadáa. Èyí mú un ronú: bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ kan bá lè ṣe é, a jẹ́ pé pípàṣẹ fún ẹsẹ̀, apá àti ìbàdí lọ́kọ̀ọ̀kan kọ́ ni ìpìlẹ̀ eré náà. Fífì orí ọ̀pá ni. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó di olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn, ohun tí ó sì fi ń kọ́ni jù lọ ni ọ̀bẹ kékeré tí ó so mọ́ áńkáṣíìfù.

Nígbà tí mo padà dé Ìgándò, mo kó àwọn olùkọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ jọ, mo sì ní mẹ́rin. Èkíní ni ìlà, tí mo ń fi eérú fà. Èkejì ni aṣọ ìnura gígùn, tí mo ń nà kọjá láyà kí n tó fi abíyá méjèèjì há a. N óò wá fì ọ̀pá dé ibi tí ó ṣe déédéé ìbàdí, kò ní ga jù bẹ́ẹ̀. Bí apá bá fi àyà sílẹ̀ láti dá rìn, aṣọ á jábọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀: n óò pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí n tó fì ọ̀pá, bí mo bá sì lo agbára jù, n óò ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹrin ni táyà, tí fọkanáísà kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé kò wúlò fún un mọ́. Mo ń rọra fi ọ̀pá lu táyà náà láti mọ bí ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ ṣe yẹ kí ó dúró nígbà tí ọ̀pá bá kan nǹkan. Henry Cotton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ìdíje Open ilẹ̀ wọn ní 1934, 1937 àti 1948, fẹ́ràn táyà yìí púpọ̀, òun ni ó sì fi ń kọ́ àwọn tí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ dán an wò, kí ó lo ọ̀pá tí ó ti gbó, kí ó má ṣe lù ú kíkankíkan, kí ó sì rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣe é. Ọmọ erékùṣù Fiji kan, Vijay Singh, gba ìdíje Nigerian Open ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín ní 1988, nígbà tí ayé kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ní 2004 ó di ẹni kìíní láàárín gbogbo òṣèré gọ́ọ̀fù ayé. Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ ni bí ó ti máa ń pẹ́ tó nídìí ìgbáradì. N kò retí láti dà bí tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá padà sídìí ìlà lóòjọ́, ìlà kò ní rí i kọ́.

Oṣù méjì kọjá báyìí. Ìlà ń jẹ́rìí rere sí mi, aṣọ kì í jábọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé bọ́ọ̀lù síwájú mi, agbára á tún gùn mí, n óò di eyín, ilẹ̀ ni n óò sì bá.

Ní àkókò yìí, ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí mo ti kà sí ọ̀lẹ. Àmì ohùn kò yé e. Bí ó bá dìde kàwé, á pe igbá ní ìgbà, á sì pe ìgbà ní igba. Mo ti bá a wí títí ó fi sú mi. "Ṣé ìwọ kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni?" Báyìí ni mo máa ń pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, mo ṣàkíyèsí pé ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ní ìwé kíkà, ọmọ náà á ti tọrọ àyè láti lọ gé koríko. Ó yàn láti wà nínú oòrùn ju kí ó wà níwájú mi lọ. Mo rí i, ṣùgbọ́n n kò ro ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, bí mo ti ń bá bọ́ọ̀lù mi fà á, mo gbọ́ ìró kan ní ìkángun pápá: fìì, fìì, fìì. Mo wo ọ̀hún. Ọmọ náà ni. Ó ti dé ṣáájú gbogbo ènìyàn láti gé ìpín koríko tirẹ̀. Àdá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tẹ ẹnu rẹ̀ ni ó mú lọ́wọ́, èyí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní lángalánga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, ìbàdí rẹ̀ ń yí, apá rẹ̀ dẹ̀. Àdá ń lọ, àdá ń bọ̀, koríko ń wó lulẹ̀ ní ọgbọọgba, àdá kò sì kan erùpẹ̀ rárá. Mo dúró bí ère. Ohun tí mo ti ń fi oṣù méjì wá wà lọ́wọ́ ọmọ tí mo ń pè ní ọ̀lẹ.

Mo pè é. Ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rù.

"Dìde," ni mo wí. "Mo fẹ́ fì ọ̀pá yìí. Wò mí, kí o sọ ibi tí mo ti ń ṣì í ṣe."

Mo fì í, mo sì họ ilẹ̀ bí ìṣe mi. Ọmọ náà wo ilẹ̀, kò fọhùn. Mo ní kí ó sọ ọ́, n kò ní bínú. Ó họ orí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ń bá a jà. A kì í bá koríko jà, sà. Bí a bá bá a jà, àdá á wọlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á sì bó. Àdá ti wúwo fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ó na àdá rẹ̀ sí mi. Mo gbà á, mo sì gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí aṣọ mi fi tutù. Nígbà tí àdá bẹ̀rẹ̀ sí í ké fìì lọ́wọ́ tèmi náà, mo gbé e sílẹ̀, mo mú ọ̀pá, mo ṣe bí ẹni pé koríko ni mo fẹ́ gé. Bọ́ọ̀lù náà gbéra. Ó lọ tààrà, ó fò kọjá àárín pápá, ó balẹ̀ nítòsí òpó bọ́ọ̀lù ní òdìkejì. Àwa méjèèjì ni a hó yèè.

Harvey Penick, olùkọ́ gọ́ọ̀fù kan ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1992 pé irinṣẹ́ tí a fi ń gé koríko wà lára ohun tí ó dára jù láti fi kọ́ fífì ọ̀pá. Ọmọ náà kò ka ìwé yìí rí. Àdá ni ó kọ́ ọ.

Bí mo ti ń nu ọ̀pá mi, ọ̀rọ̀ kan ṣàdédé padà sí mi létí: "Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni?" Mo rántí bí ara mi ti gbóná lọ́jọ́ náà lójú gbogbo ènìyàn. Mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ti ń jù lu ọmọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ọmọ náà gbọ́ mi. Ó gbọ́ mi jù. N kò fún un ní ìlà kankan tí yóò fi rí àṣìṣe rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a dé kíláàsì, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà mẹ́ta sí ilẹ̀: ti ohùn ìsàlẹ̀, ti ohùn àárín, ti ohùn òkè. Mo ní kí gbogbo wọn tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tẹ ohùn tí ẹnu wọn bá ń pè. Igba: àárín, àárín. Igbá: àárín, òkè. Igbà, èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ: àárín, ìsàlẹ̀. Ìgbà: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó kan ọmọ náà, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó wo ilẹ̀, ó sì tún un gbé fúnra rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà tó parí, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú kíláàsì, nítorí níwájú kíláàsì ni mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí mo béèrè ẹni tí yóò kàwé, ó na ọwọ́ sókè. Àdá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí ó lọ gé koríko lọ́jọ́ náà.

Ní tèmi, n kò tíì di ọ̀gá nínú gọ́ọ̀fù. Nígbà mìíràn ilẹ̀ ni mo ṣì máa ń bá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, n kì í bínú mọ́. Ìdí ìlà eérú ni mo ń padà sí. Mo sì ti mọ̀ pé bí ìlà, aṣọ àti táyà ti dára tó, wọn kì í ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Igbà ni ọ̀pẹlọ́pẹ̀ fún ẹni tí ń gun ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń mu igbà; ẹmu ni ó bá lọ sókè. Nígbà tí ara bá ti mọ ọ̀nà, a ó gbé ohun ìrànwọ́ sílẹ̀, a ó sì gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ̀kọ́ kan bá ń ṣòro fún yín, ẹ má yára pe ara yín ní olódo. Ẹ wá ohun kékeré kan tí yóò fi ibi tí ẹ ti ń ṣì í hàn yín, kí ẹ sì máa padà sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ óò sì di olùkọ́ lọ́la, kí ẹ tó pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà fún un.